Àgádágodo Ọjọ́ Ìsoyìgì

Kàtì.

Bó ṣe dún nìyẹn. Kò dún jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tún un dún. Ẹni tí kò bá fetí sílẹ̀ yóò rò pé ẹnì kan ló fi eyín fọ́ kóró bàrà. Ṣùgbọ́n Dókítà Rifáátì gbọ́ ọ, ìyá rẹ̀ náà sì gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà títí di òní, tí irun orí rẹ̀ ti funfun bí òwú ní ìlú olótùútù tí ẹnikẹ́ni kò ti lè pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kò sí ariwo mìíràn tí ń jí i lójú oorun.

Ilé bàbá Inṣiráà, ọmọbìnrin tó fẹ́ gbé níyàwó, ni wọ́n wà, ní Akimíìmù, lápá ìlà-oòrùn odò Náílì. Gbogbo òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ ní àdúgbò ti dákẹ́ nítorí ìsoyìgì. Rifáátì jókòó kojú àna rẹ̀, bàbá ìyàwó, ọwọ́ ọ̀tún nínú ọwọ́ ọ̀tún, àtàǹpàkò fara ti àtàǹpàkò, wọ́n fi aṣọ ìnujú funfun bò wọ́n. Aáfà ń sọ ọ̀rọ̀ síwájú, àna ń sọ ọ́ tẹ̀lé e, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ kì í so okùn, wọn kì í pa àlùmọ́gàjí dé, wọn kì í tilẹ̀ fi ìka kọ́ ìka. Ohunkóhun tí ènìyàn bá tì nígbà náà, ọkọ ìyàwó ló tì pa.

Rifáátì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu láti dáhùn pé òun gbà ni ó dún lẹ́yìn rẹ̀. Kàtì.

Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó mira nínú àwọn ọkùnrin tó jókòó sórí ẹní. Kaláàfù ló sún mọ́ ọn jù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní jàlámíà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó ni Kaláàfù. Bí a bá tẹ̀lé àṣà, òun ló ni ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ sí Inṣiráà. Ìwé tí Rifáátì kà ni bàbá ọmọ wò tó fi fò ó dá.

"Dókítà, dáhùn o," ni Kaláàfù wí. "Àbí ahọ́n ti so?"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Rifáátì ní òun gbà. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, níbi tí àwọn obìnrin wà, Tafíídà ìyá rẹ̀ ti fẹ̀yìn ti ògiri kó má baà ṣubú.

Ìgbà tí wọ́n délé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀.

"O gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ kí ni, Màmá?"

"Má fi mí ṣe ọmọdé, Rifáátì. Mo ní o gbọ́ ọ."

"Irin ló lu irin, Màmá. Ó parí."

"Irin wo ló ń lu irin tí ẹni tó mú un lọ́wọ́ ń pe orúkọ ẹ mọ́ tèmi? Mo rí ètè ẹ̀ láti ihò aṣọ. Rifáátì ọmọ Tafíídà, ó pè é. Wọ́n ti tì ọ́ pa, àkọ́bí mi."

Rifáátì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn tún máa ń dùn ún di ìsinsìnyí.

*

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ iṣẹ́ tó ń ṣe yóò mọ ìdí tó fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àtọ̀ ọkùnrin ni Rifáátì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí. Ní òdìkejì odò, ní Sọ̀hájì, ó ní yàrá kan ní ilé ìwòsàn níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń wá bá a, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á fi aṣọ orí bo ẹnu kí ojúlùmọ̀ má baà dá wọn mọ̀.

"Dókítà, wọ́n dì mí," ni ahunṣọ arúgbó kan wí fún un lọ́jọ́ kan. "Ayé so mí mọ́lẹ̀ bí àgbò Iléyá."

"Bàbá, àgbò Iléyá a máa jẹ koríko. Ẹ̀yin, sìgá nìkan lẹ̀ ń jẹ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún kejì, ó gbé ọmọ jòjòló wá fi hàn án.

Ọgbọ́n tí Rifáátì wá rí, tí àwọn àgbà oníṣègùn ní Káírò fi ń dárúkọ rẹ̀, ni bí a ṣe ń gba àtọ̀ ọkùnrin tí tirẹ̀ kò lágbára, tí a ó fọ̀ ọ́ nínú omi tó bá ara mu, tí a ó ṣa àwọn tó yára jù, tí a ó sì fi wọ́n sínú ilé ọmọ ìyàwó rẹ̀ kí ó tó rẹ̀ wọ́n. Lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n máa ń jó bí tanwíjì inú omi àmù. Ó lè jókòó tì wọ́n títí tíì yóò fi tutù. Ó ní kò sí àgádágodo kankan lágbàáyé tó lè ti ohun tó ń rìn báyìí.

Ṣùgbọ́n Inṣiráà kò lóyún.

*

Ọ̀sán Jímọ̀ tó tẹ̀lé ìsoyìgì ni Kaláàfù ti gun òkè lọ sí itẹ́ òkú, nígbà tí gbogbo ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí tí ojú ọ̀nà sì dá páropáro. Láàárín àwọn sàréè ni Ṣaháátà ń gbé. Ó ti ṣe aáfà rí kí wọ́n tó lé e. Ó ń jẹ ẹ̀wà nínú ìkòkò, kò sì gbójú sókè.

"O tì í?"

"Mo tì í, Aáfà. Ìgbà tó fẹ́ sọ pé òun gbà gan-an ni."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Mo ti jù ú sínú Náílì bí ẹ ṣe wí."

"Àgádágodo?"

Kaláàfù fi ọwọ́ kan àyà. Ó so ó mọ́ abẹ́ aṣọ. Ṣaháátà pọ́n ìka lá.

"Ṣé yóò kú?" Kaláàfù bi í. "Mi ò fẹ́ kó kú o. Inṣiráà ni mo fẹ́ kó fi sílẹ̀."

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ ikú? Ọkùnrin náà yóò le koko. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jáde lára ẹ̀ kò ní dé ibi tó ń lọ. Yóò kú lójú ọ̀nà."

"Báwo lẹ ṣe máa ṣe é?"

"Èmi kọ́." Ṣaháátà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ kan mọ́lẹ̀ kedere, ìkejì dà bí wàrà. "Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ jù láyé ni yóò ṣe é. Máa lọ. Má bojú wẹ̀yìn. Kó o sì rántí pé ẹni tó ti ilẹ̀kùn láti inú, òun náà wà nínú ilé."

Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ gbé iyanrìn kọjá lórí sàréè. Kaláàfù bojú wẹ̀yìn.

*

Ọdún gorí ọdún. Rifáátì yẹ ara rẹ̀ wò, ó rí i pé tirẹ̀ kò pọ̀ ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè. Ó ní iṣẹ́ tí òun ń ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn, òun yóò ṣe é fún ara òun.

Ìtìjú kan wà níbẹ̀. Báwo ni dókítà àwọn ọkùnrin yóò ṣe wọ yàrá kékeré tí àwọn aláìsàn rẹ̀ ń wọ̀, tí yóò sì jáde pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́? Gbogbo Sọ̀hájì ni yóò gbọ́ kí ìrun ọ̀sán tó tó. Nítorí náà, ilé ni ó ti ń ṣe é. Yóò se ìgò lómi gbígbóná ní ibi iṣẹ́, yóò gbé e wá sílé, yóò gbé e sórí pẹpẹ. Tó bá di òwúrọ̀, Inṣiráà yóò ṣáájú lọ sí ilé ìwòsàn. Òun yóò gba àtọ̀ sínú ìgò, yóò fi í sí abíyá kó lè gba ìgbóná ara, yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá.

Demiyánà nìkan ló mọ̀, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wo ohun tó gbé wá lábẹ́ awò, kò sí ọ̀kan tó mira. Wọ́n sùn bí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀.

"Òtútù ni," ni Rifáátì wí.

Ìgbà kejì, ó fi aṣọ onírun wé e. Wọ́n kú. Ó ní ooru ti pọ̀ jù. Ó pààrọ̀ ìgò, ó pààrọ̀ ọṣẹ, ó fi owó lé ọwọ́ ọlọ́kọ̀ kó má dúró de èrò. Ó ra awò kékeré kan sílé, ó wo wọ́n kó tó jáde: wọ́n ń jó. Ó sọdá odò, ó tún wò: wọ́n ti kú.

"Dókítà," ni Demiyánà wí, ó fi ọwọ́ ya àmì àgbélébùú sí àyà, "ti ọkùnrin tó ń ta ẹ̀wà létí odò, àná ló gbé e wá nínú ife tíì, ife tíì o! Ó ń lúwẹ̀ẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Tiyín nìkan ló ń kú."

"Má sọ ìsọkúsọ."

"Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ní tiyín nìkan ló ń kú ni."

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Tafíídà ra ẹja àrọ̀ kan lọ́wọ́ apẹja. Ó la inú rẹ̀, àkísà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi òwú dúdú so ní kókó lórí kókó. Ó ké tí àwọn aládùúgbò fi fo ògiri wọlé. Rifáátì gba àkísà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ẹja a máa gbé ìdọ̀tí mì, ó sì jù ú sínú iná àrò. Òwú náà kò tètè jó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá Inṣiráà pè é.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n àwọn arákùnrin ìyàwó ẹ ti bínú. Tí a bá pa ẹran Iléyá tán tí ikùn ọmọ wa kò sì yọ, fọwọ́ wọ́nú, jẹ́ kó máa bọ̀ nílé. Kaláàfù kò tíì níyàwó títí di òní. O mọ ẹni tó ń dúró dè."

Ní ilé, Inṣiráà fi orí lé e léjìká.

"Ṣé o gbà wọ́n gbọ́?" Rifáátì bi í. "Ọ̀rọ̀ àgádágodo?"

"Ìwọ ni mo gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n o ti ń sọ fún mi pé ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, ọkọ mi. Ó ti rẹ ikùn mi láti máa dúró."

*

Kaláàfù náà kò sùn dáadáa mọ́. Ó ń rí Rifáátì nínú ọkọ̀ ojú omi láràárọ̀, ọwọ́ lábẹ́ abíyá, ojú bí ti ẹni tó gbé ẹyin lójú ọ̀nà olókùúta. Lọ́jọ́ kan, omi bọ́ lójú dókítà náà láàárín odò, kò sì rí ọwọ́ tó lè fi nù ún. Kaláàfù yí ojú sí omi. Abẹ́ aṣọ rẹ̀, irin náà tutù nini mọ́ àyà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó padà gun òkè.

"Aáfà, ó ti tó. Ẹ bá mi ṣí i."

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n jù ú sódò."

"Tóò." Ṣaháátà tẹ́ ẹ̀yìn sórí sàréè tó fi ṣe ibùsùn. "Lọ mu Náílì gbẹ, kó o wá pè mí."

*

Ìgbìyànjú kan ló kù kí Iléyá tó dé. Rifáátì kò gbẹ̀mí lé ohunkóhun. Ó fúnra rẹ̀ se ìgò náà, ó fi aṣọ mímọ́ dé e lẹ́nu, ó gbé e sórí pẹpẹ nílé. Lówùúrọ̀, nínú ọkọ̀, ó ń bá ohun inú ìgò sọ̀rọ̀. Dókítà tó ti kàwé dé Káírò ń bẹ àtọ̀ bí ẹní ń bẹ ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ẹ dúró dè mí. Ìyá yín wà lókè odò. Ó kù díẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí ọkọ̀ gúnlẹ̀ ló gbọ́ ọ létí ara rẹ̀. Kàtì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kaláàfù kò sí nínú ọkọ̀.

Inṣiráà ti dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó wọlé, aṣọ funfun wà lórí eékún rẹ̀. Rifáátì bojú wo inú awò. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò. Inṣiráà wo ojú rẹ̀. Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀.

Lẹ́yìn Iléyá, níwájú àwọn àgbà, Rifáátì sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Inṣiráà sì gbé àpótí rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀.

*

Ìdájí ọjọ́ kejì, oorun kọ̀ ọ́, ó gun orí òrùlé lọ. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń tẹ́ búrẹ́dì sí kí oòrùn wú u. Ó bá a níbẹ̀, tó kúnlẹ̀ ti abọ́ irin bàbà kan tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sí yípo. Irú abọ́ tí wọ́n ń bu omi sí fún ẹni tí ìjáyà mú ni. Wọ́n á fi dàbínù méje àti ọsàn kíkan sí i, wọ́n á gbé e kalẹ̀ kí ìràwọ̀ wò ó mọ́jú. Tafíídà ń da omi rẹ̀ sínú ìgò Rifáátì díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń dà á nù, ètè rẹ̀ ń mì.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Obìnrin náà fò sókè, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ibi iṣẹ́ rere.

"O ká mi mọ́ ọn lónìí. Ṣé o rò pé mo sùn ni? Láti ìgbà tó o ti ń gbé ìgò wálé ni mo ti ń bá ọ fọ̀ ọ́. Gbogbo ẹ̀ pátá. Màá tún rọra fi aṣọ ẹ dé e padà. Wọ́n lè ti ilẹ̀kùn, wọn kò lè ti àdúrà. Inṣiráà á padà wá, wàá tún gbìyànjú, ìgò á sì ti wà ní mímọ́."

Rifáátì gba ìgò náà. Ojúmọ́ ti ń là. Ní ìsàlẹ̀ inú ìgò náà, níbi tí kò ti wò rí nítorí ó dá a lójú pé òun ti sè é, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, àwọ̀ ewé, bí ìpẹtà tí í hù lára bàbà tí nǹkan kíkan bá bà á.

Ó bu omi abọ́ náà díẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Ó mú àtọ̀ ọkùnrin kan tó le, tó ń jó bí tanwíjì, ó kán omi náà sí i. Wọ́n yípo. Wọ́n ń falẹ̀. Wọ́n dúró.

Kò sí ẹni tó ti nǹkan kan nínú yàrá náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ.

Nígbà tó padà délé, ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀wà àti àlùbọ́sà síwájú rẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń wo ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, òótọ́ inú ẹ ni kó o sọ fún mi. Ṣé omi yẹn ràn ọ́ lọ́wọ́ rárá?"

Rifáátì gbé òkèlè mì.

"Ó ràn mí lọ́wọ́ gan-an, Màmá."

Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà àna rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ó ṣì lè gba Inṣiráà padà bí oṣù mẹ́ta tí òfin ní kí obìnrin tí wọ́n kọ̀ fi jókòó kò bá tíì pé. Ọkùnrin náà dúró lójú ilẹ̀kùn.

"Kí ló yí padà, Rifáátì? Sọ ọ́ fún mi kí n lè sọ fún àwọn ọmọkùnrin mi. Ohun kan ṣoṣo."

Ọ̀rọ̀ náà wà ní ahọ́n rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ yóò padà wá. Bó bá sọ ọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Akimíìmù ni yóò máa nàka sí Tafíídà pé obìnrin tó pa ọmọ ọmọ rẹ̀ nínú ìgò, níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ náà yóò sì gbọ́. Kò ní yè é.

"Kò sí nǹkan tó yí padà, Bàbá," ni ó wí.

*

Ó kúrò nílẹ̀ náà. Ní ìlú olótùútù, ó di àgbà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ̀wé lórí ooru, lórí sìgá, lórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iná àrò. Kò kọ ọ̀rọ̀ bàbà rí. Bí ẹlòmíràn bá kọ ọ́, yóò ṣí ojú ewé náà kọjá. Wọ́n sọ fún un pé Inṣiráà fẹ́ Kaláàfù, pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n ní Tafíídà ti kú, pé Inṣiráà ló wẹ̀ ẹ́, ló fi aṣọ òkú dì í, bí ẹni pé ìyá ọkọ rẹ̀ ni síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ohùn kan wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ohùn arúgbó, ikọ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Dókítà. Èmi Kaláàfù ni. Ẹ má pa á, ẹ gbọ́ mi tán. Èmi ni mo tì yín. Ẹ ti mọ̀. Àgádágodo náà ń bẹ lọ́wọ́ mi báyìí, mo gbé e tọ alágbẹ̀dẹ mẹ́ta, wọ́n kọ̀, wọn kò fẹ́ gé e. Ẹ̀gbọ́n, ó ti padà sórí mi. Badáwì ọmọ wa ti gbéyàwó, kò bímọ. Ìlànà yín gan-an ni wọ́n ń ṣe fún un ní Sọ̀hájì, àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ẹ kọ́. Ojú ń tì í láti ṣe é níbẹ̀, ilé ló ti ń gbé e lọ. Nílé ó wà láàyè. Tó bá sọdá, ó ti kú. Inṣiráà kò sùn mọ́. Abọ́ tí ìyá yín fi sílẹ̀ fún un kí ó tó kú, kò sí alẹ́ tí kì í gbé e síta kí ìràwọ̀ wò ó. Ó ní ohun tí ìyá yín ṣe fún yín lòun ń ṣe fún ọmọ òun. Ìyàwó ọmọ náà ti ń di ẹrù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Ẹ sọ pé ẹ ti ṣí i. Ẹnu yín nìkan ló kù."

Lẹ́yìn ohùn náà, bí ẹni pé ó gbé irin náà sún mọ́ fóònù láti fi hàn, nǹkan kan dún.

Rifáátì jókòó ti fèrèsé. Yìnyín ń bọ́ níta. Ó kọ̀wé, ó pa á rẹ́. Ó kọ pé, mo ti dárí jì ọ́, ó dúró níbẹ̀, nítorí ìdáríjì kì í fọ ìgò. Ó wo àwòrán ìyá rẹ̀ lára ògiri, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín lórí òrùlé, ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Gbogbo ọdún tó fi pa ẹnu mọ́, nítorí ojú yẹn ni. Bó bá sọ ọ́, Inṣiráà yóò mọ̀. Bí kò bá sọ ọ́, Inṣiráà yóò tún gun òrùlé lálẹ́ òní.

"Màmá, ẹ dárí jì mí," ni ó wí fún ògiri.

Ó wá kọ ọ́, ó sì fi í ránṣẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà:

"Kaláàfù, àbúrò mi. Oògùn rẹ jẹ́ lára ìyá mi, kò jẹ́ lára mi. Mo ti dárí jì ọ́, mo ti ṣí i. Sọ fún Inṣiráà kó gbé abọ́ náà lọ sin síbi orí sàréè ìyá mi, kó má fi omi rẹ̀ kan ìgò ọmọ náà mọ́ láéláé. Bàbà ni. Òun ló ń pa wọ́n. Òun náà ló pa tiwa."